Ìfófó Lójú Dígí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ẹ̀rọ. Àwọn mìíì á gbé ọwọ́ lé e, bí ìyá ṣe ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná. Ojú ni bàbá mi fi ń gbọ́ tiẹ̀. Láràárọ̀, kó tó bọ́ bàtà tó fi rìn wá, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ilé òtútù, á lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú dígí kékeré kan tí wọ́n dì mọ́ ara àgbá irin ńlá tó jẹ́ ikùn ẹ̀rọ. Dígí ọ̀hún kò ju ẹnu ife tíì lọ. Á fi àtàǹpàkò nù ún, á sì wo bí gáàsì, olómi tó ń mú ẹ̀rọ tutù, ṣe ń hó nínú lọ́hùn-ún. Tó bá rí ìfófó funfun tí wọ́n ń gun orí ara wọn bíi ti omi ọṣẹ, á rẹ́rìn-ín.

"Ó ti jí," ni á wí. "Inú ẹ̀ dùn lónìí."

Tí kò bá rí ìfófó, inú tiẹ̀ náà ò ní í dùn títí ọ̀sán.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé òtútù wa. Wàrà wà nínú méjì, èso wà nínú mẹ́ta, oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà nínú èyí tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ju pé kó mú omi oníyọ̀ tutù, kí omi náà gba inú páìpù lọ yí gbogbo yàrá ká, kó gba ooru wọn, kó sì padà wá tutù lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde ní dígírì méjì. Bó bá di mẹ́ta, a ṣì lè mí. Bó bá kọjá márùn-ún, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í ro tinú ara ẹ̀.

Èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbìyànjú ilé ìwé, àmọ́ bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, omi á ti dé ojú mi kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu mi. Ni bàbá mi bá ń mú mi dání lọ síbi iṣẹ́, ó sì fi ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà já geere ni "Ewu". Èkejì ni "Má fọwọ́ kàn án". Bàbá Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, sọ pé ẹni tí wọ́n fi ìyẹn kọ́ níwèé, kò lè ṣe kó má di ẹni tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Adákẹ́ ló ń pè mí.

"Adákẹ́-má-fọhùn," á ní, "a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe! Ti bàbá ẹ lò ń ṣe ni, àbí ti Bàbá Wẹ́dà ẹ?"

Èmi á kàn rẹ́rìn-ín mọ́ inú ìwé mi.

Ọdún méjìlélógún ni bàbá mi fi tọ́jú ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Bí ìfófó ojú dígí bá ti ń dínkù, á bu ife ọ́ìlì kan, á fi pọ́ǹpù ọwọ́ tì í sínú gáàsì. Kò ní í pẹ́ tí ìfófó á fi padà, omi á sì tutù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní gáàsì tí kò ní ọ́ìlì lára dà bí ẹni tó wẹ̀ tí kò para: ara ẹ̀ á kàn máa funfun ni. Gbogbo èèyàn ilé òtútù gbà á gbọ́, torí pé ọdún méjìlélógún yẹn, wàrà kan ò bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá Yìnyín ni wọ́n ń pè é, àwọn tó sì dàgbà jù ú lọ náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kú, ikú àgbà ló kú, kò sí ẹni tó sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Màmá Ilé Òtútù, ìyẹn ìyá arúgbó tó ni ibẹ̀, ra tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó pe gbogbo wa jọ sí ojúde, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí agara ti dá.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn kan fẹ́ ra ọgbà yìí lọ́wọ́ mi kí wọ́n wó o. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Àwọn onílé oògùn ní oṣù mẹ́ta làwọn máa fi wo ẹ̀rọ yìí. Lọ́jọ́ Ajé tó bá parí ẹ̀, wọ́n á wá wọn yàrá wọn. Tó bá tutù bó ṣe yẹ, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún. Tí kò bá tutù, wọ́n á kó ẹrù wọn. Tí wọ́n bá kó tiwọn, èmi náà á kó tèmi. Mi ò ní agbára ẹ̀ mọ́."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá mi. "Bàbá Yìnyín, ọwọ́ yín ló wà o."

"Ọwọ́ mi ò tíì já yín kulẹ̀ rí, Màmá," ni bàbá mi fi dá a lóhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Kò mọ iṣẹ́ mìíì, kò sì síbòmíì tó máa gba arúgbó tó ń fi ojú gbọ́ ẹ̀rọ.

Ẹnjiníà tó wá to ẹ̀rọ náà kéré lọ́jọ́ orí, ó ń wọ awò ojú, ó sì máa ń sọ "sà" lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan. Nígbà tó parí, ó mú awẹ́ páìpù bàbà méjì jáde nínú àpò. Ọ̀kan jọ̀lọ̀ bí ìka ọmọdé. Èkejì dúdú díẹ̀, ara ẹ̀ sì rí gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ.

"Ẹ wò ó, sà. Èyí tó jọ̀lọ̀ yìí ló wà nínú ẹ̀rọ yín àtijọ́. Omi oníyọ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, gáàsì ń hó lára ẹ̀ lẹ́yìn. Èyí ló wà nínú tuntun. Ẹ fi èékánná họ ọ́, sà."

Bàbá mi ò họ ọ́. Èmi ni mo họ ọ́. Ó dún bí ìgbà téèyàn fa ìka lórí ìyarun. Eyín wẹ́wẹ́ ló wà lára ẹ̀, wọ́n sì tẹ orí eyín náà wálẹ̀ tó fi di ihò tóóró tóóró tí ojú ò lè kà tán.

"Inú ihò wọ̀nyí ni gáàsì ti ń hó," ni Ẹnjiníà wí, ó sì rí i pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́, ló bá rọra kọjú sí mi. "Tí ìhó kan bá fò jáde, á fi afẹ́fẹ́ bíńtín sílẹ̀ nínú ihò bí irúgbìn. Ara irúgbìn yẹn ni ìhó tó kàn ti ń hù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré yìí fi lágbára ju ńlá yẹn lọ. Àmọ́ ọ́ìlì kì í hó. Tí gáàsì bá hó tán tó bá tiẹ̀ lọ, ọ́ìlì á jókòó sínú ihò bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá ti tó o. Ẹ má fi kún un, sà. Bó bá sì di dandan, ẹ kọ iye ẹ̀ síbí." Ó fa ìlà kan sínú ìwé mi, ó kọ "Ọ́ìlì" sí orí ẹ̀.

Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "O ṣé, ọmọ mi. Ọdún mélòó lo wà?"

"Mẹ́tàlélógún, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ti ń fún ẹ̀rọ lọ́ìlì nígbà tí wọ́n ń fún ìwọ lọ́mú."

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Wẹ́dà ní láti di géètì mú. Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sọnù. Kó tó lọ, ó fi awẹ́ páìpù eléyín náà sílẹ̀ fún mi. Mo fi í sápò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ń jáde ní méjì láìyẹsẹ̀. Gbogbo èèyàn yọ̀ àfi bàbá mi. Ó ń bẹ̀rẹ̀ níwájú dígí, ó ń dìde, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Nínú dígí tuntun, gáàsì ń hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń hó ní mímọ́ gaara, láìní ìfófó, bí omi tí wọ́n gbé kaná tí wọ́n ò fi nǹkan kan sí.

"Ó ń hó gbẹ," ni bàbá mi wí fún mi lọ́jọ́ kẹjọ. "Wò ó. Ẹ̀rọ ò lè máa hó gbẹ báyìí kó pẹ́ láyé."

"Omi wà ní méjì, Bàbá."

"Ọmọ tí ń kú lọ náà máa ń ṣeré láàárọ̀."

Ó bu ife kan. Ó tì í wọlé. Kò pé wákàtí kan tí ìfófó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sójú dígí, díẹ̀díẹ̀, funfun, ó ń gun òkè. Ojú bàbá mi tàn bí ẹni tó rí ará ilé ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Mo ṣí ìwé, mo gbé bírò sí abẹ́ ìlà tí Ẹnjiníà fà.

"Kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀?"

"Ife kan, Bàbá."

"Gbàgbé ẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe ìwé ọwọ́ mi. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, ọwọ́ mi á máa rántí."

Mo gbé bírò kúrò. Ṣùgbọ́n èmi náà ń rántí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ife kan.

Bí omi ṣe gbéra ní méjì, ẹnì kan ò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni. Ó di méjì àbọ̀. Ó ṣe ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ó di mẹ́ta. Bàbá mi ní oòrùn ló mú. Ó bu ife mìíì. Ìfófó pọ̀ sí i, ó wá kún ojú dígí tó fi jẹ́ pé a ò rí òdìkejì mọ́, omi sì ń gbóná sí i. Bí ó bá ti ń gbóná sí i ló ń fi kún un, torí pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé òtútù yẹn, ìfófó nìkan ni kò já a kulẹ̀. Ìfófó ń ṣe gbogbo ohun tó bá ní kó ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí bàbá mi lọ kí Bàbá Wẹ́dà nílé, mo gbé ìkòkò kékeré kaná, mo bu omi sí i, mo sì ju awẹ́ páìpù náà sínú ẹ̀. Kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó rárá ni ara páìpù ti ń tú ìhó jáde, wẹ́wẹ́, ní ìlà gbọọrọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ó dára débi pé mo dúró ń wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, mo yọ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo fi ọ́ìlì ẹ̀rọ pa á títí ó fi wọ inú gbogbo ihò, mo sì dá a padà. Omi ń hó ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, omi ń hó lábẹ́ ẹ̀. Ara páìpù dákẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ bí èmi níwájú olùkọ́.

Bàbá mi wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Mo yára da ọmọrí bò ó.

"Kí lò ń sè?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti tò lé ahọ́n mi. "Bàbá…" ni mo wí.

"Hẹn?"

"Tíì ni, Bàbá."

"Kú iṣẹ́. Bu tèmi náà."

Mo yọ páìpù, mo da omi yẹn nù, mo gbé mìíì kaná nínú ìkòkò kan náà. Ó mu ún tán, ó ní ó dùn. Ìyá mi, kó tó kú, máa ń sọ fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ọmọ tó gba etí aṣọ ìyá ẹ̀ mú láàárín èrò. N kò bi í rí pé kí ni ẹnu tó bá dákẹ́ jù ń mú bá ẹlòmíì.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn onílé oògùn dé nígbà tí Màmá ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Ọjọ́rú ni. Omi wà ní méje. Wọ́n ti kó wàrà yàrá kìíní dànù, òórùn ẹ̀ ṣì wà ní ojúde. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ síwájú dígí, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ìfófó fi pọ̀ tó báyìí, sà?"

"Àlàáfíà nìyẹn."

"Omi yín wà ní méje, sà. Àlàáfíà wo ló wà ní méje?"

Bàbá Wẹ́dà, tó wá wòran, wúkọ́ láti fi pa ẹ̀rín mọ́ra. Ojú bàbá mi le.

"Ṣé ẹ fi ọ́ìlì kún un, sà?"

"Ìwọ lo fa ìlà sínú ìwé. Ìwé nìyẹn. Yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹnjiníà ṣí ìwé mi. Gbogbo ìlà tó kù kún fún nọ́ńbà tí mo kọ rẹ́gírẹ́gí. Ìlà ọ́ìlì funfun báláú láti òkè délẹ̀, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó gbójú sókè wò mí. Màmá náà wò mí. Bàbá mi ò wò mí, ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń wò.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́. Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Látọdún tí mo ti ń dákẹ́, ọjọ́ tí mo lanu níwájú èèyàn, irọ́ ló bọ́ jáde.

Ẹnjiníà pa ìwé dé. Ó fa gáàsì díẹ̀ sínú ìgò irin, ó ní òun á fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ mẹ́wàá ni èsì ẹ̀ fi máa dé. "Á jẹ́ pé páìpù fúnra ẹ̀ ló ní àbùkù, Màmá. Tuntun la máa bèèrè fún, oṣù méjì ni, ó kéré tán." Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún. "Ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ rò. Ká ní ọ́ìlì ni, ì bá rọrùn. Ǹ bá fa gáàsì jáde lónìí yìí, kí n sè é kí ọ́ìlì yà kúrò lára ẹ̀, kí n fọ páìpù, kí n dá a padà. Ọjọ́ mẹ́rin. Kó tó di Ajé, omi ì bá ti wà ní méjì."

Mo gbọ́ ọ. Mo dúró sí ibi tí mo lè fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ "ọjọ́ mẹ́rin", ẹnu mi sì dà bí ihò páìpù tí nǹkan ti dí.

Ọjọ́bọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí bàbá mi ṣe ń jẹun àárọ̀, mo gbé awẹ́ páìpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi èékánná họ ọ́."

Ó wò mí, ó sì họ ọ́. Ó dún. Ó tún un họ, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó ń tẹjú mọ́ àwọn ihò náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ikú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo sọ bí ìhó ṣe ń hù lára irúgbìn afẹ́fẹ́, mo sọ ohun tí mo rí nínú ìkòkò. "Ife mọ́kàndínlógún ni, Bàbá. Mò ń kà á."

Ó la ẹnu bíi pé ó fẹ́ tún nǹkan ṣe nínú iye yẹn. Ó tún pa á dé.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló wá bi mí.

"Láti ọjọ́ tí mo se tíì."

"Mo rántí." Ó yí páìpù náà lọ́wọ́. "Tíì yẹn ń rùn bí ọ́ìlì. Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú tì mí, Bàbá."

"Ojú tì ẹ́." Ó gbé páìpù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Wò ó, Ẹtì la wà yìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ronú. Jẹ́ kí ojú ti èmi náà díẹ̀."

Ó lo gbogbo ọjọ́ yẹn níwájú dígí, ọwọ́ ẹ̀ lẹ́yìn.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tá a sin ìyá mi, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Màmá wà ní ọ́fíìsì, ó ń so àwọn fáìlì àtijọ́ pọ̀ lókùn.

"Ẹ jókòó, Bàbá Yìnyín."

"Mi ò ní jókòó, Màmá. Páìpù ò ní àbùkù. Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mò ń fún un lọ́ìlì, mo sì ní kí ọmọ yìí má kọ ọ́."

Màmá ò pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe Ẹnjiníà. Kò tó wákàtí kan tó fi dé, ó ń mí hẹlẹ. Mo rò pé ó máa bínú. Kò bínú, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ó ń ṣàlàyé fún Màmá bí agbẹjọ́rò.

"Bàbá ò ṣe wèrè, Màmá. Lára páìpù tó jọ̀lọ̀, ọ́ìlì díẹ̀ máa ń ranni lọ́wọ́. Ìfófó yẹn á gbé gáàsì gun àwọn páìpù òkè, gbogbo wọn á sì tutù. Ohun tí Bàbá ń rí fún ọdún méjìlélógún, òótọ́ ni. Ara páìpù eléyín yìí ni kò ti jẹ́ òótọ́ mọ́."

"Ṣé o lè tún un ṣe kó tó di Ajé?"

Ó wo ilẹ̀. "Ká ní Ọjọ́rú ni, Màmá. Ọjọ́ méjì ò tó o. Tó bá jẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀…"

Màmá tún gbé fóònù. Ohùn tiẹ̀ nìkan la ń gbọ́. "Ọjọ́rú péré ni mò ń bẹ̀ yín fún… Rárá, a ti rí ohun tó fà á… Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ ni, mo mọ̀, ẹ̀mí ọmọ aráyé ni… Mo gbọ́… Mo gbọ́. Ẹ ṣé." Ó gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn.

"Bàbá Yìnyín," ló wí, "ọ̀rọ̀ yìí níye lórí l'Ọ́jọ́rú. Lónìí, òtítọ́ lásán ni."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọkùnrin méjì wọ aṣọ funfun dé, wọ́n gbé tẹmómítà sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n dúró wò ó. Mọ́kànlá. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi kó páálí ìkẹyìn sínú ọkọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá tọwọ́ bọ̀wé fún àwọn tó fẹ́ ra ọgbà. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká nígbà yẹn. Wọ́n ti yí orúkọ bàbá mi padà, wọn ò pè é ní Bàbá Yìnyín mọ́. Bàbá Ọ́ìlì ni. Obìnrin kan tó ń to èso, tó jẹ́ pé bàbá mi ló mú un wọ iṣẹ́, pè é bẹ́ẹ̀ sójú, ó sì dá a lóhùn.

Bàbá Wẹ́dà ń tú agboorùn tó fi bo ibi iṣẹ́ ẹ̀ nígbà tí mo kọjá. Mo kí i. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Adákẹ́-má-fọhùn," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì parí ẹ̀.

Ọjọ́ tá a máa kó jáde, wọ́n ti pa ẹ̀rọ. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Bàbá mi dojú korobá dé, ó jókòó lé e níwájú dígí. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìfófó ti lọ tán. Ọ́ìlì ló kù lójú dígí, ó dúró jẹ́ẹ́, ó pọ́n bí tíì tó ti pẹ́ nínú ife.

"Gbé ìwé yẹn wá," ni bàbá mi wí.

"Ta ló máa kà á, Bàbá? Wọ́n á wó ibí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé mo ní kí ẹnì kan kà á? Kọ ọ́."

Mo padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ látorí: Ìṣẹ́gun, ife kan. Ajé tó tẹ̀ lé e, ife kan. Bí mo bá kọ ọ̀kan, á ní, "Ó kàn." Nígbà mìíì, òun ló ń rán mi létí àkókò ẹ̀, pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rí mẹ́rin. Ìlà funfun náà ń kún. Mo dé orí ìkọkàndínlógún, mo gbé bírò kalẹ̀.

"Ó kù," ni bàbá mi wí.

"Ó tán, Bàbá. Mo kà á."

"Ó ku ọ̀kan tí o ò sí níbẹ̀." Kò gbé ojú kúrò lára dígí. "Lẹ́yìn tí ọmọ Ẹnjiníà yẹn lọ l'Ọ́jọ́rú. Mo gbọ́ ohun tó sọ nípa ọ́ìlì, mo sì ní irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, á gbà. Ọjọ́bọ̀ ni."

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà: Ọjọ́bọ̀, ife kan. Àwọn tó wá gé páìpù bàbà ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá wọ́n lè wọlé.